Ère Duke Kahanamoku

Ère idẹ ni èyí tí ó wà ní etí òkun Waikiki, ní ìlú Honolulu, Hawaii, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 láti sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Duke Kahanamoku (1890–1968), ọmọ bíbí Hawaii tí ó sọ eré orí ìgbì, ìyẹn dídúró lórí pákó gbọọrọ kí ìgbì gbé ènìyàn wá sí iyanrìn, di ohun tí ayé mọ̀. Òmùwẹ̀ tí ó gba wúrà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1912 àti 1920 ni, ó sì fi eré náà han àwọn ará Australia ní Freshwater, níbi tí ère rẹ̀ mìíràn wà. Ère ti Waikiki na apá méjèèjì bí ẹni tí ń kí àlejò, pákó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan fi ẹ̀hónú hàn pé ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ohun tí ẹni tí ó mọ ìgbì kì í ṣe, ẹ̀hónú náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Eré orí ìgbì kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ní àwọn ọdún 1640 ni Michael Hemmersam, ará Jámánì, ti kọ nípa àwọn ọmọdé tí ń lo pákó nínú òkun Ghana òde òní, àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay ní Èkó sì ń ṣe é títí di òní.