Láti Ọgbà Yábàá dé Abúlé Aro: Ìtàn Ìtìjú Kan àti Àwọn Tó Bá A Jà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti ṣàkíyèsí pé àìsàn kan wà tí ìnira rẹ̀ kì í mọ sí ara ẹni tó ń ṣe. Ó ń ba orúkọ ìdílé jẹ́, ó ń dí ọmọbìnrin tó ti tó lọ́kọ lọ́wọ́, ó sì ń mú kí àwọn afọbajẹ fo ọmọ oyè dá. Ìdí nìyí tí alárinà ìgbéyàwó láyé àtijọ́ fi ní láti wádìí ìdílé àfẹ́sọ́nà dáadáa: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, wọn a rọra fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn ìtìjú yìí ni a fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, pé kò sì lè yí padà. Ṣùgbọ́n ó ti yí padà rí, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, ní ojú àwọn ènìyàn tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láàyè. Ó dára kí a mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kí a sì mọ ìdí tí kò fi tọ́jọ́.

Ohun tí a bá nílẹ̀

Èdè wa kò kó gbogbo àìsàn ọpọlọ sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Wèrè ìran yàtọ̀ sí wèrè àmútọ̀runwá, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí wèrè àfiṣe, èyí tí a gbà pé ọ̀tá ló fi ṣe ènìyàn. Wèrè aláṣọ náà wà, ẹni tó ń wẹ̀, tó ń múra, ṣùgbọ́n tí ìṣe rẹ̀ kò bá ti ọmọlúàbí mu. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ló fara pamọ́. Bí a bá ní ọ̀tá ló fi ṣe ènìyàn, àánú rẹ̀ a máa ṣe wá. Bí a bá ní ìran ni, gbogbo ilé ló pín nínú rẹ̀. Bí a bá sì ní òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, bóyá ó ń mu ọtí, bóyá ó ń fa igbó, kò sí ẹni tí yóò káàánú rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ̀bi bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àánú máa ń parí sí.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò sàn mọ́. Ọjà ni ojúkójú, ibẹ̀ ni ará ilé àti àlejò ti ń pàdé. Ohun tí ìgbàgbọ́ náà ń sọ ni pé àìsàn tí gbogbo ayé bá ti rí, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohun tí ìdílé kọ́kọ́ ń sá gìrì sí kì í ṣe ìtọ́jú, bí kò ṣe ìfarapamọ́. Wọn a ti aláìsàn mọ́ yàrá ẹ̀yìn, wọn a ní ó rìnrìn àjò. Nígbà tí wọn yóò bá fi mú un jáde, àìsàn náà á ti gbó sí i lára.

A kò gbọdọ̀ wí pé àwọn baba wa kò mọ ìtọ́jú. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ adáhunṣe fi ń tọ́jú wèrè, ó ń mú aláìsàn sùn, ó sì ń mú ara rẹ̀ balẹ̀. Èròjà kan wà nínú igi náà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní reserpine, ilé ìwòsàn òyìnbó pàápàá sì lo èròjà yìí fún àìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, jókòó ti àwọn babaláwo àti adáhunṣe, ó sì kọ ohun tó rí lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nílé adáhunṣe, pàṣán wà níbẹ̀, ebi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ yá níbẹ̀, ó fi àpá irin sí ọrùn ẹsẹ̀ darí sílé.

Ọgbà tí ìjọba kọ́

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọgbà fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Kàlàbá ní 1904, wọ́n sì ṣí ti Yábàá, ní Èkó, ní 1907. Ìwòsàn kọ́ ni olórí ìdí tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ìlú ń gbèrú, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn tó ń da ìgboro rú kúrò lójú ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà kankan níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ àìsàn ọpọlọ. Wọ́n kàn ń ṣọ́ àwọn ènìyàn náà ni. Nígbà tí ìjọba rán Robert Cunyngham Brown wá ṣàyẹ̀wò àwọn ibùdó wọ̀nyí ní 1936, ìròyìn rẹ̀, tó jáde ní 1938, bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó bá níbẹ̀. Ní 1944, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da ọpọlọ wọn rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lantoro, l'Abẹ́òkúta, ni ìjọba sọ di ibùgbé wọn. Wọ́n jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi gbà wọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí ará ìlú rí kọ́ nínú èyí kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n rí i pé ọlọ́pàá ló ń mú wèrè, pé ẹ̀yìn ògiri gíga ló ń lọ, wọn kò sì rí i kí ó jáde. Orúkọ ibùdó wá di èébú. Títí di òní, bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tí kò bójú mu l'Ékòó, wọn a ní kí ó wọkọ̀ lọ sí Yaba Left. Orúkọ òfin tó de ọ̀rọ̀ náà pàápàá, Lunacy Act ti 1958, èébú ni: kò pe ẹni náà ní aláìsàn, wèrè ló pè é.

Lambo àti àwọn baálẹ̀

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Thomas Adeoye Lambo ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954 ó gba àkóso ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aro. Ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lambo tọ àwọn baálẹ̀ àti àgbà abúlé tó wà láyìíká lọ, ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn òun.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Aláìsàn kò lè dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan, ó kéré tán, dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gba oògùn àti ìtọ́jú, ó di inú abúlé: ó lè bá wọn ṣiṣẹ́ oko, ó lè bá wọn jó, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Abúlé mẹ́rin ló yí ilé ìwòsàn náà ká. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún ilé wọn, ó fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì gbógun ti ẹ̀fọn. Lambo tún pe àwọn adáhunṣe wá láti bá a ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ òyìnbó wà lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n àwọn adáhunṣe ló mọ bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kí ó tó gbà.

Kí ló mú kí àwọn ará abúlé gba wèrè sílé? Owó ilé wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fojú fo ìyẹn dá. Ẹni tó ń gba owó háyà ní ìdí láti má ṣe lé ayálégbé rẹ̀. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ju ìwọ̀nyí lọ. Ní Yábàá, ìgbà tí wọ́n ń mú aláìsàn lọ nìkan ni ará ìlú ń rí. Ní abúlé Aro, wọ́n rí i nígbà tó dé tó ń pariwo, wọ́n rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, wọ́n rí i nígbà tó kí wọn ní ẹ kú àárọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì rí i nígbà tó di ẹrù rẹ̀ tó ń lọ sílé. Ìbátan tó bá a wá náà rí gbogbo rẹ̀. Òun ló sì di ẹlẹ́rìí rẹ̀ nílé. Ìwàásù kankan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ló rí i, ìbẹ̀rù sì dín kù.

Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ìgbà yẹn, àwọn dókítà òyìnbó kan, bíi J. C. Carothers nínú ìwé rẹ̀ ti 1953, ń sọ pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà yàtọ̀ sí ti àwọn. Lambo ta kò wọ́n. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, ìwé wọn sì jáde ní 1963: àwọn ìrora ọkàn tí wọ́n ti rí ní ilẹ̀ Kánádà náà ni wọ́n bá láàárín Yorùbá. Ní 1961 kan náà, àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta. Lambo padà di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó kú ní 2004.

Ètò abúlé náà kò tọ́jọ́ tó bí ó ti yẹ. Owó epo dé, àwọn ènìyàn di oníṣẹ́ oṣù. Ta ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láti jókòó ti àbúrò rẹ̀ lábúlé? Ìlú náà ń gbòòrò dé àwọn abúlé. Ilé ìwòsàn Aro ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di òní, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó kù nínú orúkọ Aro ni èébú.

Igbó, ẹ̀wọ̀n àti bárakú

Bí ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ bá le, ti ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún tún le jù ú lọ, nítorí òun ni a gbà pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Àwọn dókítà Aro kò wò ó bẹ́ẹ̀. Tolani Asuni, tó dé Aro ní 1957, kọ̀wé lórí igbó ní 1964. Lambo kọ tirẹ̀ lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1965. Àìsàn àti ọ̀rọ̀ àwùjọ ni wọ́n pè é. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba ológun dá wọn lóhùn lọ́nà tirẹ̀: òfin 1966 ní ẹni tó bá gbin igbó lè kú tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21, ẹni tó bá mu ún kò sì ní ṣẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 10. Wọ́n dẹ òfin náà lọ́wọ́ ní 1975, ṣùgbọ́n ohun tó gbìn sí ọkàn àwọn ènìyàn kò tú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń fa igbó ní ohun méjì láti bẹ̀rù, àìsàn ọmọ náà àti ọlọ́pàá; ó sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Èso ìbòmọ́lẹ̀ yìí kò pamọ́ mọ́. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà gbé jáde fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró ní 2017, Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ló sì pọ̀ jù. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi oògùn ikọ́ tó ní codeine. Òfin lè ti ilé iṣẹ́ pa; kò lè sọ fún ọmọ tó ń gbọ̀n nítorí pé kò rí i mu pé kí ó wá jókòó.

Ibi tí a dé

Ìwádìí kan tí Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, bi ènìyàn 2,040 léèrè ọ̀rọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96.5 gbà pé eléwu ni alárùn ọpọlọ, 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀, 16.9 péré ló ní àwọn lè ronú láti fẹ́ ẹ. Ní 2019, Human Rights Watch ròyìn pé àwọn rí ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nílé adáhunṣe, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdó àwọn mùsùlùmí, àti ní ti ìjọba. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó gba ipò ti 1958. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í gba ènìyàn sílé.

Ohun tí ìtàn Aro kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè lé ìtìjú lọ. Ẹni tí a kò rí i kí ó sàn, a ó máa bẹ̀rù rẹ̀ títí. Bí a kò tilẹ̀ lè dá abúlé Lambo padà, onílé lè fi yàrá háyà fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lè gba ọmọ tó ti fi igbó sílẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdílé lè sọ ibi tí ọmọ wọn ti lọ gba ìtọ́jú, kí ìdílé kejì tó ń ti tiwọn mọ́lé lè mọ̀ pé ibì kan wà láti lọ.

Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tó bọ́ nínú ewu gbogbo. A ń kí abiyamọ kú ewu ọmọ, a ń kí ẹni tó yọ nínú jàǹbá ọkọ̀ kú ewu, a sì ń kí ẹni tó ti orí àkéte àìsàn dìde kú àjíǹde ara. Ẹni tó bá ti Aro dé, a kì í kí i. A ń ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀ pé ó lọ. Òun náà ti bọ́ nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí a máa kí i.