Òjò, Ètù àti Aṣọ Ọdẹ ní Agbègbè Tchaourou

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àkókò òjò máa ń wà lọ́dún ní agbègbè Tchaourou. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń parí ní oṣù kẹwàá. Kò rí bíi ti ẹ̀bá òkun níbi tí òjò ti pín sí méjì. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi kì í gbẹ lára koríko. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọdẹ nígbà náà nínú igbó Toui àti Kilibo, tàbí lórí àwọn òkè àpáta tí ó wà ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò fi gba òjò.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ara ọdẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Ìbọn rẹ̀ ni.

Ìbọn tí ọdẹ mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni èyí tí a ń ki ètù àti ọta sí láti ẹnu, tí òkúta rẹ̀ ń lu irin kí iná lè ta. A ó pè é ní ìbọn olókùúta. Iná náà ń bọ́ sínú àwo kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ní gbangba, níbi tí a da ètù díẹ̀ sí. Omi díẹ̀ péré tó láti mú kí ìbọn kọ̀, ètù fúnra rẹ̀ a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohùn àti fáwẹ̀lì: ètù ni ọdẹ fi ń wá ẹtu àti ẹtù.) Ọdẹ tí ara rẹ̀ tutù lè yáná. Ọdẹ tí ètù rẹ̀ tutù níwájú ẹfọ̀n, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti ń pa irú ìbọn yìí tì láti nǹkan bí ọdún 1840. Kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ tiwa? A sábà máa ń sọ pé àìlówó ni. Kì í ṣe àìlówó nìkan. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels. Àdéhùn náà ká títa ìbọn ìgbàlódé kò láti ìlà 20 ní àríwá Áfíríkà títí dé ìlà 22 ní gúúsù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ètù lásán. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dá dúró. N kò gbà pé òun nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì wá pín ààlà ní Paris ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, Tchaourou bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ṣakí bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ni ó de ọdẹ ìhà méjèèjì. Ìwé tí a kọ ní Brussels wà lára ohun tí ó jẹ́ kí òjò máa ba ọdẹ Tchaourou lẹ́rù.

Nítorí náà, kí á tó bi ọdẹ léèrè aṣọ, kí á bi í léèrè awọ. Àpò awọ tàbí àdó tí a dí lẹ́nu ni ètù ń gbé. Ojú ìbọn pàápàá nílò ìbòrí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà fi awọ bo tiwọn. Ní ti orí, àkẹtẹ̀ fífẹ̀ dára, nítorí pé kò gba ọwọ́. Aṣọ òwú tí a hun nípọn máa ń mu omi, ó sì ń wúwo, ṣùgbọ́n kì í pariwo nínú igbó.

Agbòòjò kò wúlò fún ọdẹ: ọwọ́ kan ni yóò kù fún ìbọn. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ yẹ ní wíwò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbà àti òjò ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé ìpajẹ fáwẹ̀lì, agbòjò ni a ó rí, àwọn kan sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ti fáwẹ̀lì gígùn inú agbòòjò, mo rò pé agboòrùn ni ó fà á, nítorí pé oòrùn ti ní fáwẹ̀lì gígùn tẹ́lẹ̀. Ohun èlò náà ń gba òjò dípò ènìyàn. Bí kò bá sí i, òjò yóò pa ènìyàn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí a ń lò fún ọdẹ àti ẹran. Òwe tí ó ní kí ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa máa dúpẹ́ kò ní dùn bí pa méjèèjì kò bá jọra. Lórí àpáta gbangba, pẹ̀lú irin léjìká, ọdẹ mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa.

Aṣọ tí omi kò lè wọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1823 ni Charles Macintosh, ará Scotland, fi rọ́bà sáàárín aṣọ méjì. Ní ọdún 1895, igbó Yorùbá ń kó rọ́bà ránṣẹ́ sí Yúróòpù láti Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ara igi ìrẹ́. Ìrẹ́ ni a pe igi náà. Rọ́bà, ọ̀rọ̀ àyálò, ni a pe ohun tí ó padà wá láti òkè òkun.

Orúkọ tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbà ní tirẹ̀ wá láti inú ilé: ọ̀rá. Omi kì í dúró lára ọ̀rá ẹran, kì í sì í dúró lára èyí. Ó fúyẹ́, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọ̀ ọ́ nínú òjò mọ ariwo tí ó ń pa, ẹran sì ní etí. Ọdẹ tí ó ní ọ̀rá ẹyọ kan ṣoṣo mọ ibi tí yóò fi wé: ojú ìbọn. Àkẹtẹ̀ yóò máa bójú tó orí.