Kíndìnrín Ẹja Ọ̀sà Èkó àti ti Àwọn Ẹranko Eléegun Ẹ̀yìn

Kíndìnrín ni ẹ̀yà ara tí àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣètò omi àti iyọ̀ inú ara wọn. Lára ẹja ẹpìyà tí a ń mú nínú ọ̀sà tí ó wà lẹ́bàá Ìsàlẹ̀ Èkó, òun ni ohun pupa dúdú gbọọrọ tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ eegun ẹ̀yìn, tí kì í tètè kúrò nígbà tí a bá kó ìfun ẹja dànù.

Nígbà òjò, tí odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ya wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ omi a dín kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun a tún wọlé. Kíndìnrín ẹja náà a máa bá ìyípadà yìí lọ: nínú omi tí kò níyọ̀, ẹpìyà a máa tọ ìtọ̀ púpọ̀ tí ó ṣàn, nínú omi iyọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ a dín kù jọjọ, iyọ̀ tí ó pọ̀ jù a sì gba ibi tí ó fi ń mí jáde.

Oríṣi kíndìnrín mẹ́ta ni ó wà lára àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn lápapọ̀. Èkínní ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lò nínú omi; èkejì jẹ́ ti àgbà ẹja àti àgbà ọ̀pọ̀lọ́; ẹ̀kẹta ni ti alángbá, ẹyẹ àti ènìyàn. Nínú ẹ̀kẹta yìí, ẹyẹ àti ẹranko afọ́mọlọ́mú nìkan ni ó ní ìkọ́ tín-ínrín tí Jakob Henle, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1862, èyí tí ó jẹ́ kí ìtọ̀ wọn lè ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ.