Ta Ni Ó Pe Òǹwòran Wá? Àwọn Alákòóso Mbari ní Ìbàdàn àti Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo

Bí a bá dárúkọ Dúró Ládípọ̀ nínú kíláàsì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn ni Ṣàngó tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, àti Ọya, àti Gbọ̀nkáà. A máa ń bi wọ́n léèrè nípa ìfìwàwẹ̀dá, nípa oríkì àti ọfọ̀, nípa kókó-ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, tí mo sì ti ń bá wọn máàkì ìwé ìdánwò, n kò tí ì rí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ní kí ọmọ sọ àwọn tí ó jókòó wo eré náà, tàbí ẹni tí ó ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn. Bẹ́ẹ̀, eré tí kò ní òǹwòran kò yàtọ̀ sí àsè tí a sè tí a kò pe ẹnì kan sí.

Òǹwòran kì í ṣàdédé pé jọ. Láyé àwọn alárìnjó, ìlù ni ó ń pe ará ọjà jáde. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, ìjọ Aládúrà tí ó wà ni ó rán an níṣẹ́, kí wọ́n lè fi eré náà wá owó ilé ìjọsìn. Àwọn ọmọ ìjọ sì ni òǹwòran tí ó ti wà nílẹ̀ dè é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, a rí àwọn ẹgbẹ́ tí òfin kà sí ẹgbẹ́ àánú, tí gbogbo iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n wá òǹwòran fún iṣẹ́ ọnà. Àwọn tí ó wà nídìí àkóso irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba owó oṣù. Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, wọn a máa ṣọ́ owó, wọn a sì máa pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó wọlé. Àwa náà ti ní irú ìgbìmọ̀ yìí rí nílẹ̀ Yorùbá. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé irú ẹni tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ni ó ń sọ irú òǹwòran tí yóò wá, ju ibi tí a kọ́ ilé sí lọ, ó sì ju iye owó tí ó wà nínú àpò lọ.

ÀWỌN TI ÌBÀDÀN

Ní 1961 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí a ń pè ní Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1950, ni ó ṣagbátẹrù rẹ̀. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, àti Ezekiel Mphahlele, ọmọ ilẹ̀ South Africa, tí ó jẹ́ alága. Achebe ni ó mú orúkọ wá. Nínú èdè Ìgbò ni ó ti wá, láti agbègbè Owerri, níbi tí mbari ti jẹ́ ilé alámọ̀ tí a kún fún ère tí a mọ fún òrìṣà.

Ẹ má ṣe rò pé inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n fi ara pamọ́ sí. Ilé kan láàrin ìlú, tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ rí, ni wọ́n gbà; wọ́n ṣe ibi eré sí ìta gbangba rẹ̀, wọ́n sì fi ibi ìpàtẹ àwòrán àti yàrá ìkàwé sí i. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ilé wà ni ó ń fa òǹwòran ni, ìbá ti kún fọ́fọ́ fún àwọn ará ọjà. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni àwọn alákòóso, òǹkàwé ni ojú wọn sì ń wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde: Song of a Goat ti Clark ní 1961, Heavensgate ti Okigbo ní 1962. N kò fi èyí bú wọn. Láìsí ìgbìmọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn ìwé tí à ń fi yangàn lónìí má tètè rí ẹni tẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé bàbá àgbẹ̀ tí ó ń kọjá lọ kò sí nínú ìwéwèé wọn.

ILÉ ỌTÍ TÍ Ó DI ILÉ ỌNÀ

Inú ilé yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀, ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà. Ó ti kọ orin fún ìjọ ní Òṣogbo, ó sì ti fi ìlù ìbílẹ̀ sí i, èyí tí àwọn àgbà ìjọ kan kò gbà láyè. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sé mọ́ ìlù rẹ̀, ilé-ìwé àti tẹlifíṣọ̀n ni ó gbé e lọ. Ní oṣù Kejìlá 1961, ó ṣe eré orin Kérésìmesì rẹ̀ ní Mbari ti Ìbàdàn. Ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, ó sì ní kí a ṣe irú rẹ̀ ní ìlú òun.

Ilé wo ni yóò lò? Ó ní ilé ọtí kan tí a ń pè ní Popular Bar. Òun àti Beier sọ ọ́ di ilé ọnà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1962 pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rọ̀. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un tó kọ́ ní ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Wọn kò gbọ́ Ìgbò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ‘Mbari’, wọ́n gbọ́ ọ ní Yorùbá: ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀. Bí ó ṣe di Mbari Mbayọ̀ nìyẹn. Ní Ìbàdàn, òǹkọ̀wé ni ó sọ ilé ní orúkọ. Ní Òṣogbo, òǹwòran ni ó tún un sọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àyálò, àpẹẹrẹ tí ó dùn nìyí fún kíláàsì yín.)

Ojú títì gan-an ni ilé náà kọjú sí. Ẹni tí ó ń ti ọjà bọ̀ lè gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó wo àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri. Èdè tí wọ́n fi ń ṣeré ni èdè tí ó fi ra ata láàárọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí pé àwọn ọba Ọ̀yọ́ ni eré dá lé. Nígbà tí wọ́n ṣe Ọba Kò So fún àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ilé náà ní 1963, àwọn tí ó mọ oríkì Ṣàngó ju òṣèré lọ wà láàrin ìlú.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí àlà tí ó wà láàrin òǹwòran àti oníṣẹ́ ọnà ṣe parẹ́. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan, tí ó ń bá olóògùn kiri láti ìlú dé ìlú, yà sí ibi ijó kan ní Mbari Mbayọ̀. Ijó rẹ̀ mú gbogbo ojú dání, wọ́n sì ní kí ó dúró. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Twins Seven Seven. Jimoh Buraimoh ni ó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀. Muraina Oyelami ti ta epo bẹntiróòlù rí kí ó tó di òṣèré níbẹ̀. Nígbà tí Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà ní 1964, irú àwọn wọ̀nyí ni ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí ni yóò rí. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n kàn fi sílẹ̀.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a dá ìgbìmọ̀ eré sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni alága, èmi ni akápò. Wákàtí méjì ni a fi jíròrò àwọn tí yóò jókòó níwájú. A kò sọ ọ̀rọ̀ eré rárá lọ́jọ́ náà. A wá ta tíkẹ́ẹ̀tì ní iye tí ìyá tí ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa kò lè san. Lọ́jọ́ eré, ìdajì àga ni ó ṣófo, àwọn ọmọ sì ń yọjú lójú fèrèsé. Èmi náà fọwọ́ sí ìpinnu yẹn.

OWÓ ÀTI ÌTÚKÁ

Ibi tí ó dùn ni mo ti ń sọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ méjèèjì ní àléébù, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àkọ́kọ́ ni owó. Congress for Cultural Freedom, àjọ kan tí olú ilé rẹ̀ wà ní Paris, ni ó fi owó ran Mbari lọ́wọ́. Ní 1966, ìwé ìròyìn New York Times tú u síta pé CIA, àjọ amí ti Amẹ́ríkà, ni ó ń ti ẹ̀yìn fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ lówó. Ní 1967 kò sí ẹni tí ó tún lè sẹ́ ẹ. Ṣóyínká kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe ní 2006, ìbínú ẹni tí a tàn jẹ sì hàn níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé owó kò ní àwọ̀. Lójú tèmi, alákòóso tí kò béèrè ibi tí owó ti wá kò ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akéwì tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún.

Èkejì ni pé ènìyàn díẹ̀ ni ó gbé gbogbo ẹrù rù. Ní Òṣogbo, ẹni kan náà ni ó ni ilé, ni ó ń kọ eré, ni ó ń ṣe Ṣàngó, ni ó tún wà nídìí àkóso. Ìdí tí ibẹ̀ fi gbóná nìyẹn, nítorí Ládípọ̀ kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, ó sì dé àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní London ní 1965. Ẹgbẹ́ tí ó ń rin ìrìn-àjò kò lè jókòó sílé kí ó máa ṣí ìlẹ̀kùn fún ará ọjà. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní òpin 1966. Ní Ìbàdàn, Mphahlele ti lọ sí Paris láti 1961. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, Achebe ti padà sí ìhà Ìlà-Oòrùn, Okigbo kú sójú ogun, wọ́n sì ti Ṣóyínká mọ́lé títí di 1969. Ládípọ̀ ń bá eré lọ títí ó fi kú ní oṣù Kẹta 1978.

Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ṣí Mbari Mbayọ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún lónìí. Àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìràgbìjí àti agbègbè wọn lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ láàrin sáà ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ibi tí wọ́n jókòó sí, iye tí wọ́n san, àti ẹni tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé.