Susanne Wenger àti Adébísí Àkànjí

Àwọn oníṣẹ́ ọnà méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí Wenger (1915–2009) sí. Ọdún 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Nàìjíríà. Nígbà tí Wenger wọ ẹ̀sìn òrìṣà tán, Àdùnní Olórìṣà ni wọ́n ń pè é. Bíríkìlà ni Àkànjí ní tirẹ̀. Beier ló ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹranko bí irú kìnnìún tó máa ń wà lórí ilé àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil, ibẹ̀ ni ọwọ́ Àkànjí ti yàtọ̀.

Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe àwọn ère inú igbó náà. Ẹ̀dá ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n apá wọn gùn, ojú wọn yọ, wọ́n sì ga sókè láàárín igi bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù wọ́n. Ère òrìṣà Ìyá Mọ̀pó jẹ́ àpẹẹrẹ. Àkànjí tún mọ odi oníhò tí àwòrán ènìyàn àti ẹranko kún, tí èèyàn lè wo igbó láti inú ihò rẹ̀. Wenger nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé ń dárúkọ, èyí kò sì tọ́: iṣẹ́ àjọṣe ni, àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn bíi Buraimoh Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé náà sì kópa níbẹ̀.

Ní 2005, UNESCO fi igbó náà sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé.