Ostracize: Ìdájọ́ Orí Àpáàdì

Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí túmọ̀ sí lónìí ni pé kí àwùjọ ta ẹnì kan nù, kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì bá a da nǹkan pọ̀. Inú ostrakon ló ti wá, orúkọ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe àpáàdì.

Ní ìlú Athens, àwọn aráàlú a máa pinnu lọ́dọọdún bóyá kí wọ́n lé olóṣèlú kan jáde. Bí wọ́n bá gbà, wọn a dá ọjọ́ ìbò. Oníkálukú a wá ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Ìbò náà gbọ́dọ̀ tó 6,000. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ní ọjọ́ 10 láti kẹ́rù, yóò sì wà lẹ́yìn odi fún ọdún 10. Wọn kì í gba dúkìá rẹ̀.

Hipparchos ni wọ́n kọ́kọ́ lé, lọ́dún 487 ṣáájú ìbí Jésù. Themistocles, akọni ogun Salamis, náà kò mórí bọ́. Nínú kànga kan lẹ́bàá Acropolis, àwọn awalẹ̀pìtàn rí nǹkan bí àpáàdì 190 tó ní orúkọ rẹ̀ lára, àwọn èèyàn mélòó kan péré ló sì kọ gbogbo rẹ̀. Ó jọ pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ de àwọn olùdìbò.

Ìtumọ̀ tòní le ju ti àtijọ́ lọ: kò sí ìbò, kò sì sí gbèdéke.