Kọ̀ǹpútà nínú ayò ọlọ́pọ́n

Kọ̀ǹpútà nínú ayò ọlọ́pọ́n ni ètò tí a kọ láti ta ayò bí ènìyàn ṣe ń ta á, yálà lórí fóònù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Òkè-Ọdẹ, Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní Ìpínlẹ̀ Kwara, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ojúkojú ni a ń ta ayò. Ọwọ́ tí ènìyàn fi ń kó ọmọ ayò ni a fi ń mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè, àwọn òǹwòran náà kì í sì í dákẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní ìdí ọpọ́n kejì kò hàn. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ tí kì í ṣi ọmọ kà.

Òfin eré

Ilé 12 ni ọpọ́n ní, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin sì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. A ó kó gbogbo ọmọ inú ilé kan, a ó sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún yí ọpọ́n po. Bí ọmọ ìkẹyìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́, pẹ̀lú àwọn ilé tó tẹ̀ lé ara wọn sẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn náà bá di méjì tàbí mẹ́ta. Ilé tí ọmọ inú rẹ̀ pọ̀ tó láti yí ọpọ́n po ni à ń pè ní odù. Bí a bá ń ta á, a máa ń fo ilé tí a ti kó o. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Ìwé A. O. Odeleye lórí ayò, tó jáde ní Ìbàdàn ní 1977, wà lára àwọn ìwé tó ṣe àlàyé eré náà.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é

Ọgbọ́n tí Claude Shannon là sílẹ̀ fún eré chess ní 1950 ni ọ̀pọ̀ ètò ayò ń lò. Ẹ̀rọ yóò wo gbogbo ilé tó lè ta, yóò wo èsì tí ẹnìkejì lè fi fún un, yóò sì wo èsì sí èsì náà, títí dé òpin ibi tí a ní kí ó wò dé. Níbẹ̀ ni yóò ti ka ọmọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ, tí yóò sì yan ọ̀nà tó sàn jù fún ara rẹ̀. Níwọ̀n bí ilé ẹni kò ti ju mẹ́fà lọ, ẹ̀rọ tó ń wo ìta mẹ́fà síwájú kò ní ju ọ̀nà 46,656 lọ láti yẹ̀ wò. Ìyẹn kò tó nǹkan lójú fóònù.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò gbogbo ipò 889,063,398,406 tí eré awari, ìbátan ayò, lè wà. Àbájáde wọn ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni eré náà yóò já sí. Òfin ibì kan máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ibòmíràn, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbé ìdájọ́ yìí ka orí gbogbo irú ayò láìwo òfin tí a fi ń ta á.

Dídá ẹ̀rọ mọ̀

Àkókò ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Ènìyàn máa ń yára ta ilé tó ní ọmọ kan, ó sì máa ń pẹ́ lórí odù nítorí pé ó ní láti kà á. Ẹ̀rọ lè lo ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan náà fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ètò lè kọ́ ọ láti máa dúró. Alan Turing ti rí èyí ṣáájú: nínú àpẹẹrẹ kan nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1950, a ní kí ẹni tí a kò rí ro 34957 pọ̀ mọ́ 70764, ó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó sì dáhùn 105621. Èsì náà kò tọ̀nà, 105721 ni ì bá jẹ́.

Àmì tó lágbára jù ni àtúnṣe. Bí a bá ta eré kejì gan-an bí a ti ta ti àkọ́kọ́, tí ẹnìkejì sì ń fèsì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ètò tí kò ní àyípadà. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀ta gidi a máa ka odù kí òpè tó ṣẹ́jú, ẹ̀sùn èké sì lè gba ipò àti ẹ̀bùn tó fi òógùn rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn tó ń yọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ló ṣòro jù láti mú, nítorí pé àkókò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn.

Bíborí rẹ̀

Ẹ̀rọ tó ń wo ìta méjì tàbí mẹ́ta péré jẹ́ oníwọra. Yóò jẹ ọmọ méjì tí a fi sílẹ̀ fún un, kò sì ní rí ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Odù ni a fi ń mú un. Bí ilé wa tó wà ní ọ̀tún pátápátá bá ní ọmọ 16, ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé karùn-ún ẹnìkejì. Ilé àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún yóò gba méjì-méjì, ìkẹfà yóò gba ẹyọ kan. Bí ilé márùn-ún náà bá ṣófo, a jẹ 10. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá wà níbẹ̀, a jẹ 15. Ẹnìkejì kò lè jẹ odù yìí nígbà tó wà nílẹ̀, nítorí pé ilé tó bá di méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni a ń jẹ. Ohun tó le ni kí a rí ilé mìíràn ta títí àkókò yóò fi tó, láìfi ipá tú odù náà.

Wíwo ọ̀nà jíjìn nìkan kọ́ ni agbára. Ní 2004, Mohammed Daoud, Nawwaf Kharma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ètò kan tí wọ́n pè ní Ayo jáde, wọ́n sì fi hàn pé mímọ ohun tó yẹ kí a kà lórí ọpọ́n lè borí wíwo ìta púpọ̀ síwájú.

Nígbà tí ọmọ bá ti dín kù lórí ọpọ́n, ẹ̀rọ tó ní àkójọ ìparí eré kì í ṣìṣe mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ na irú rẹ̀ ní láti ti jẹ púpọ̀ kí eré tó débẹ̀. Ní ti ètò tó ní àkójọ gbogbo ipò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀mì ni ibi tí ènìyàn lè bá a dé.